Sìgá Tí Mo Tàn fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Kí n tó fojú kan ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wálé láti Èkó, mo ti gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìsàn, mò ń bọ́ bàtà, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń súfèé nínú yàrá, tó ń dákẹ́, tó tún ń súfèé. Mo kọ́kọ́ rò pé omi ló ń hó lórí iná. Nígbà tí mo ṣí kọ́tìnì, mo rí i lórí àga, ó ti rù débi pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n kọ́ sára igi. Ihò kékeré kan wà ní ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ki ọ̀pá róbà bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti ń mí. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ohùn kankan.

Awakọ̀ tírélà ni ẹ̀gbọ́n mi fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìyá kan náà ló bí wa, òun ni mo tẹ̀ lé. Òun ló sanwó ilé-ìwé olùkọ́ni tí mo lọ lẹ́yìn tí bàbá wa kú, òun náà ló sì fi sìgá àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo bá a jókòó níwájú ọkọ̀, a ń gbé ìrẹsì bọ̀ láti Òkè Ọya. Ó ní kí n fà á kí oorun má baà kùn mí. Èmi kọ́ ni mo ń wakọ̀, kò sí ohun tó burú tí mo bá sùn, ṣùgbọ́n mo gbà á, mo fà á, mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti di ọkùnrin.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi mu sìgá kí n tó kọ́kọ́ jáwọ́. Ọmọbìnrin wa àkọ́kọ́ ló fà á. Nígbàkígbà tí mo bá gbé e, yóò máa wúkọ́. Ìyàwó mi kò pariwo, kò bú mi, ó kàn ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó sì ń dúró kí n wẹ̀ tán kó tó dá a padà fún mi. Ó dùn mí. Mo jáwọ́ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ìrọ̀rùn yẹn ló bà mí jẹ́. Mo wọ kóòtù tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí níwájú ìjọ, mo sì sọ pé ẹni tó bá ní òun kò lè fi sìgá sílẹ̀, kò tíì fẹ́ fi í sílẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń fi ìkòkò mu tábà jókòó sẹ́yìn, òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí tí mo bá rántí.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wálé. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni ohùn rẹ̀ ti há, tó ń sọ fún wa lórí fóònù pé ọyẹ́ ni, pé èkuru ọ̀nà ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ti gba gbogbo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n lu ihò náà kó lè rí ibi gbà mí, wọ́n sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó máa gbé e lọ sílé. Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Èyí ń dẹ́rù bà mí ju ihò náà lọ. Ní gbogbo ìgbà tó fi ní ohùn, èdè Ìsàn ló ń sọ, ulé ló ń pe ilé, uṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ilé-ìwé ló ń kọ sínú ìwé, gbogbo àmì rẹ̀ pé, bíi pé àlejò kan ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ máa ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, èmi ni mo máa ń jókòó tì í. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó yí i sí mi: “Tan sìgá kan. Jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀.” Mo mi orí. Ó tún kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún kọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò kọ nǹkan kan, ó kàn ṣí ojú ewé náà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó ń wò mí. Mo dìde, mo ra sìgá méjì ní kíóṣì oríta, mo padà wá, mo ṣí fèrèsé.

Sìgá kì í jó dáadáa tí èèyàn kò bá fà á. Mo sọ fún ara mi pé kó lè jó ni mo ṣe fà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà kú. Kò pé oṣù kan tí mo fi ń mu ún tán látòkèdélẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo ń fẹ́ èéfín náà sọ́dọ̀ rẹ̀, tí òun sì tẹjú mọ́ mi, tí ojú rẹ̀ ń dán. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lẹ́yìn kíláàsì tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, àti láàárín igi kòkó ní ọ̀nà Ìrè. Orógbó ni mo máa ń jẹ kí n tó wọlé, mo sì ń fi ọṣẹ fọ ìka. Àwọn ọ̀nà tí mo fi ń tan ìyàwó mi jẹ pọ̀, olùkọ́ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi kú nígbà ọyẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí èèyàn kò lè rí ilé kejì nítorí ìkùukùu. Mo rò pé mi ò ní ìdí láti mu sìgá mọ́, nítorí ẹni tí mo ń torí rẹ̀ tàn án kò sí mọ́. Ṣé mo jáwọ́? Ó tún pọ̀ sí i ni.

Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, ohùn mi há. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan mo la ẹnu láti kọ orin, nǹkan tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀. Ẹni tó dúró tì mí yíjú wò mí. Mo ní ọyẹ́ ni. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọyẹ́ lọ, ohùn mi kò padà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń mu tíì tó ní oyin, mo sì ń mu sìgá lé e lórí.

Mo wá pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù nípa ìsìn ìrántí ọkọ rẹ̀. Fóònù tuntun ni mo fi pè é, kò mọ nọ́ńbà náà. Mo kí i. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó pẹ́ kó tó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n, “Ta nìyẹn?” Mo sọ pé èmi ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó sì pa fóònù. Mo mọ ohùn ẹni tó rò pé òun gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo lọ bá a. Ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé. Bí àṣà ilé wa ṣe rí, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń pè mí. Mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti Ọjọ́bọ̀ tí mo tan sìgá àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ náà. Kò dáwọ́ dúró, ó ń yí gàrí náà.

“Mo mọ̀, ọkọ mi,” ló wí. “Òórùn rẹ̀ wà lára kọ́tìnì lọ́jọ́ àkọ́kọ́.”

Ó wá dáwọ́ dúró, ó fọ ọwọ́, ó wọlé, ó gbé ìwé ìkọ̀wé náà jáde, ó ṣí i sí ojú ewé kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ni, ó kọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀: “Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lu ọ̀fun mi. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Tó bá ń fà á, ó ń dà bíi pé èmi ni mo ń fà á. Má bá a jà, èmi ni mo kọ́ ọ. Tí mo bá ti lọ, bá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ̀ kò wò mí.

“Mi ò gbà á lọ́wọ́ yín,” ló wí. “Mo ń rí yín lọ́nà oko, mo ń rí èéfín. Mo dákẹ́. Inú ń bí mi. Èmi ń fọ ihò ọ̀fun rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀yin ń wá fi èéfín kún yàrá mọ́ ọn. Mo ní kó ṣe yín bó ṣe ṣe é.”

Kò gbé ohùn sókè. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

“Ìgbà tí mo wá gbọ́ ohùn yín nínú fóònù yẹn,” ló wí, “mi ò lè sùn mọ́.”

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo kó páálí sìgá náà fún un, ó jù ú sí abẹ́ agbada gàrí, iná mú un. Àwa méjèèjì ń wò ó títí ó fi jó tán. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ọjọ́ tí màá lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní òun máa tẹ̀ lé mi.

Mo sọ fún ìyàwó mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun náà ti mọ̀. Ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo gbà gbọ́ pé mo ń fi nǹkan pamọ́. Ìjáwọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú kíláàsì. Mo lé ọmọ mi kúrò nídìí tábìlì nítorí pé ó ń pariwo ẹnu bó ṣe ń jẹun. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ìbínú, ó ní kí ilé lè fẹ̀ fún mi ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé kíóṣì oríta. Obìnrin tó ń tajà ti na ọwọ́ sí páálí tí mo máa ń rà kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní iyọ̀ ni mo wá rà. Mo tún padà lọ ní ọjọ́ kejì, mo tún ra iyọ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ilé wa kò fi nílò iyọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, ìyàwó mi jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ òsì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa bèèrè kí wọ́n tó bèèrè é, ó mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde, ó mọ irú bébà tí wọ́n máa fún mi. Ohun tó mọ̀ yẹn ń já mi láyà. Dókítà gé nǹkan bíńtín nínú ọ̀fun mi lọ fún àyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi retí èsì. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń mí.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ó ní àwọn ibi funfun kan wà níbẹ̀ tó lè yí padà di nǹkan mìíràn, ó sì lè má yí padà, òun kò lè ṣèlérí, kí n máa wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá, mi ò sì fi sìgá kan ẹnu láti ìgbà náà. Ohùn mi padà, kò padà tán. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo jáwọ́ nítorí ikú ẹ̀gbọ́n mi, mi kì í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ikú rẹ̀ kò dá mi dúró. Ohun tó dá mi dúró ni pé ẹnì kan tó ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra mi na ọwọ́ sí mi. Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí Ìdó, ó ṣì ń jókòó ní ọwọ́ òsì mi. Dókítà máa ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí bọ̀ mí nímú, á ní kí n má mira, á sì wò ó títí láìsọ̀rọ̀. Mo ti kọ́ láti jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mi kì í gbàdúrà níbẹ̀, mi kì í ronú. Mo kàn ń wo ẹnu dókítà, mo ń dúró kó là á.