Nígbà Tí Aṣọ Funfun Pọ́n Lójú Mi

Àárọ̀ Sátidé kan ni, mo ń sá sùtánà sórí okùn lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn aṣọ náà pọ́n. Ẹrẹ̀ ò ta sí wọn, ìpẹtà ò sì kàn wọ́n. Wọ́n kàn rí bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tíì. Mo gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú, mo nà án sí oòrùn, pípọ́n ló ṣì pọ́n. Mo pe àbúrò mi.

"Àdùkẹ́, ṣé o fọ èyí ni, àbí o kàn bomi wọ́n ọn?"

Ó wo aṣọ, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó funfun jàre."

Bí àìsàn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Àdùkẹ́ ni mo rò pé nǹkan ń ṣe, mo sì rò pé ọ̀lẹ ni nǹkan ọ̀hún.

Èmi àti Àdùkẹ́ la máa ń fọ sùtánà àwọn àgbà ìjọ wa. Aládùúrà ni wá, aṣọ funfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ti kú, ọkọ tirẹ̀ sì ti fi í sílẹ̀ lọ, a jọ ń gbé. Àdùkẹ́ ló máa ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti bílíìṣì. Èmi ni mo máa ń da búlúù sínú omi ìkẹyìn, ìyẹn ẹ̀tù búlúù tí gbogbo afọṣọ mọ̀, tó máa ń pa pípọ́n ara aṣọ kí funfun rẹ̀ lè yọ. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń dà á. Èmi náà ni mo máa ń sọ pé aṣọ ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́, aṣọ kan ò sì gbọdọ̀ jáde nílé wa tí mi ò bá tíì fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà lọ, aṣọ kan ò mọ́ lójú mi mọ́. Mo ní kí ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀. Mo ní kí ó fi bílíìṣì kún un, ó fi kún un. Èmi náà ń fi kún búlúù mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bílíìṣì yìí ń ta mí, ọwọ́ mi ti ń bó." Mo dá a lóhùn pé ọwọ́ tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kì í ṣàì rí àwáwí. Mo rántí bí mo ṣe sọ ọ́, tí mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn àmì mìíràn wà tí ó yẹ kí n kà sí. Iná mọ́tò a máa tàn káàkiri ojú mi bí ẹni pé ó lómi. Tí mo bá ń sọdá títì ní ibùdókọ̀ Pleasure lọ́sàn-án, oòrùn a fọ́ mi lójú débi pé mo ní láti di ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́ mú. Mo wọ ìró búlúù lọ síbi òkú, mo rò pé dúdú ni mo wọ̀. Mo ní gílóòbù ayé ìsinsìnyí ló ń ṣe bàìbàì. Gbogbo nǹkan ni mo rí dá lẹ́bi, àfi ojú mi.

Ní Sátidé tí gbogbo rẹ̀ dàrú, Àdùkẹ́ mú sùtánà kan wá síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Aṣọ yìí ti di búlúù. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò."

Ojú mi, èmi! Níwájú àwọn ayálégbé ni mo ti dá a lóhùn: "Ìwà ọ̀bùn yìí náà ni ọkọ rẹ rí tó fi sá lọ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àdùkẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀gùn.

Mo wá ń dá aṣọ fọ̀, aṣọ ṣì ń pọ́n. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ mi lọ́gbọ́n: ẹni tí mo pè ní ọ̀bùn ti lọ, ìdọ̀tí ò lọ. N kò gbọ́n. Ọjọ́ tí mo ṣi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀, tí mo ṣubú pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ni alàgbà ìjọ wa fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan lọ́nà Ìgàndó.

A pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n kán oògùn kan sí mi lójú, kí ọmọlójú lè ṣí gbayawu. Ó ta mí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ di ìyà. Kí ẹni tó bá ń lọ yẹ ojú wò má dá lọ, kó sì mú jígí dúdú dání.

Dókítà náà, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, ní katarátì ló ń ṣe mí. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Aṣọ funfun ń dá gbogbo wọn padà sójú ẹni, ìdí tó fi funfun nìyẹn. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ọmọlójú tó mọ́ gaara bí dígí, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ní ẹ̀yìn ojú pátápátá, awọ tín-ín-rín kan wà tí àwọn èròjà kéékèèké ń dá àwọ̀ mọ̀ lára rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni èèyàn ní. Méjì péré ni ajá ní, nítorí náà pupa àti àwọ̀ ewé ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀. Oyin sì ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí àwa ò lè rí rárá. Bí a bá ń dàgbà, dígí inú ojú náà a máa pọ́n, bí ike funfun tó ti pẹ́ nílé, a sì máa ṣú; ìyẹn ni katarátì. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló kọ́kọ́ máa ń dá dúró, èyí tó bá kù ló ń sọ funfun di pípọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, ẹni tó ni ojú kì í mọ̀.

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé aṣọ tí mo rí ní pípọ́n lè jẹ́ funfun?"

"Ó lè funfun báláú, Màmá."

Mo ní kí ó dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. N kò ní purọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú dùn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ìrora kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lajú sílẹ̀, tí mo ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n yọ dígí tó ti bàjẹ́, wọ́n fi ti ike rọ́pò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tú báńdéèjì. Mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo fi ti òsì wo ìnura tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì: àwọ̀ tíì. Mo bo ti òsì, mo fi ti ọ̀tún wo ìnura kan náà: funfun tí mo ti gbàgbé pé ó wà láyé. Ni mo bá bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí tí mo kó sùtánà sí. Búlúù ni gbogbo wọn, bí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé. Mo bi alàgbà tó gbé mi wálé pé ṣé wọn ò rí i ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "A rí i, Màmá. Ta ló fẹ́ sọ fún yín? Àwọn ìyàwó wa ló ń tún un fọ̀ nílé." Gbogbo ìjọ bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n sì dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ràn mi débi tó fi sọ ọ́.

Nígbà tí dókítà gbà mí láyè, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn. Àdùkẹ́ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó pọ́n lápá kan, ó funfun lápá kan, gbogbo oríkèé ìka rẹ̀ ló sán. Oṣù mélòó kan ti kọjá, kò tíì san tán. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

Ó sáré gbá mi mú. "Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde o, ẹ má fi mí gba ègún." Ó fún mi lómi. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ò ní padà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní kí n má da ara mi láàmú nítorí ọwọ́ òun. "Ẹ ò rí i ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ti ṣe ojú kejì báyìí. Mo lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ fúnra mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti àwọn tó tọ́jú mi. Ìwọ tí aṣọ funfun ń pọ́n lójú rẹ, lọ yẹ ojú wò kí o tó bá afọṣọ jà. Ara ń darúgbó láì sọ fún ẹni tó ni ín, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àdùkẹ́ ní n kò rí i, òótọ́ ló sọ, àánú ló sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi. Àìmọye ìgbà ló sọ fún mi, etí mi ò sì ṣàìsàn lọ́jọ́ kan.