Mẹ́mọ́rì Tí Kò Sọnù

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá tún kọ̀ǹpútà ṣe tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, á bọ́ síta, á máa pe ará àdúgbò: “Ẹ wá bá mi wò ó o!” Télọ̀ á wá, ẹlẹ́pà á wá, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Láyé SAP, nígbà tí nǹkan wọ́n gógó, ọkọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà àlòkù lọ́wọ́ Alájì kan ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Nígbà tó tàn án, ojú ẹ̀rọ ní ìdajì mẹ́mọ́rì tí Alájì sọ ló wà níbẹ̀. Onínú fùfù ni. Ó wọ mọ́tò, ó lọ pe bàbá náà lólè lójú ọjà.

Nígbà tó padà délé, tó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà kó lè fi ìrẹ́jẹ náà han ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́mọ́rì pé síbẹ̀. DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i, tí wọn ò ṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ni kò lè kà á tán. Ó tún un ṣe títí ojú ẹ̀rọ fi sọ òtítọ́.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alájì nílé.

“Dìde, mo ti dárí jì ọ́,” ni Alájì wí. “Ṣùgbọ́n ọjà lo ti pè mí lólè. Ta ló ń gbọ́ ẹ nínú pálọ̀ yìí?”

Ìtìjú ò jẹ́ kó lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa nígboyà láti lọ, Alájì ti kó padà sókè Ọya.

Ìyẹn ló fi ń pe télọ̀ àti ẹlẹ́pà, kí òtítọ́ má bàa tún mọ sí pálọ̀.