Ọjọ́ tí Mo Fipá Yí Nọ́ńbà Kámẹ́rà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó ku díẹ̀ ká wọ àwọn ọdún 1990, ilé kan náà ni àwa àti bàbá onífótò jọ ń gbé ní Ṣàngó, n'Ílọrin. Èmi, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wà níwájú, ó kọjú sí títì. Ẹ má rò pé kámẹ́rà rẹ̀ dà bí èyí tó wà nínú fóònù yín. Irin gidi ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Bàbá ti fi ọdún mẹ́rin wa ọkọ̀ fún àwọn òyìnbó Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ irin ní Àjàòkúta, ọ̀kan nínú wọn ló fún un ní kámẹ́rà náà nígbà tó ń padà sílé.

Bí ẹ bá fojú sí ihò rẹ̀, ẹ ó rí ènìyàn kan bíi méjì, ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹ ó máa yí ojú kámẹ́rà náà díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn. Ìgbà yẹn ni àwòrán tó máa mọ́ kedere. Àwọn nọ́ńbà kan sì wà lórí rẹ̀: 25, 50, 100, 250, 500. Aṣọ dúdú kan wà nínú kámẹ́rà tó máa ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, tó sì máa ń pa dé. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà sí 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni aṣọ náà máa fi ṣí. Bó bá ṣí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ènìyàn á funfun bí ẹfun.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá fi lélẹ̀: kọ́kọ́ fa fíìmù síwájú, kí o tó yí nọ́ńbà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, bàbá lọ kírun Àlàásàrì, kámẹ́rà wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo fi wo ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé títí méjì fi di ọ̀kan. Ìyẹn ì bá tó mi. Mo tún fẹ́ yí nọ́ńbà bí mo ṣe ń rí i tí bàbá ń yí i, n kò sì fa fíìmù. Ó le. Mo fipá mú un, ó dún kẹ́, ó sì rọ̀ lójijì. Mo gbé e padà, mo sá wọlé.

Ohun tí mo bá nílé ló já mi láyà. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọdún tó máa jáde ní sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn, òun àti ogójì akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá ya fótò pélébé lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni fọ́ọ̀mù máa kúrò n'Ílọrin. Ẹni tí fótò rẹ̀ kò bá dára, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ó wò mí. "Kí ló ṣe ẹ́? Ojú ẹ dà bíi ti ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu."

"Kò sí nǹkan, àǹtí mi."

"Kò sí nǹkan, o ò sì wá jẹ wàrà? Wàrà tí o máa ń torí ẹ̀ bá mi jà?"

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí bàbá fi ti ìrun Jímọ̀ dé. Mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé á gbá mi létí, á sì pe ìyá mi. Tíṣà ni ìyá mi, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

"Bàbá, mo fọwọ́ kan kámẹ́rà yín lánàá. Mo yí nọ́ńbà. N ò kọ́kọ́ fa fíìmù. Ó dún."

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Apá ọ̀tún lo yí i sí ni, àbí apá òsì?"

"Apá ọ̀tún, Bàbá."

"Alihamudulilai pé òní lo sọ ọ́. Lọ mú ike tí ẹ fi ń wọn igun nílé-ìwé wá."

Ó bá mi wọlé, ó bẹ ìyá mi pé kó yá òun ní giramafóònù wa, òun fẹ́ fi dán kámẹ́rà wò.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá mi bi í.

"Ọjọ́ orí ni, Tíṣà. Èmi náà kọ́ lẹ ń wò yìí?"

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun kan sórí àwo orin láti àárín dé etí. Àmọ́ kó tó ya ohunkóhun, ó ní kí n máa ka iye ìgbà tí àwo náà ń yí, òun ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó yí ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé, bó ṣe yẹ kó yí. "Ó dáa," ló wí, "ẹlẹ́rìí wa kì í purọ́."

Bí àwo ṣe ń yí, ó ya ìlà náà lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, ó tẹ àwòrán jáde. Bí aṣọ kámẹ́rà bá ṣe pẹ́ ní ṣíṣí tó ni ìlà ṣọ́ọ̀kì ṣe máa ń fẹ̀ tó. Àwo náà ń yí igba dígírì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, lórí 100, dígírì méjì ló yẹ kí ìlà náà fẹ̀. Mo fi ike náà wọ̀n ọ́n: mẹ́jọ. Mo tún un wọ̀n: mẹ́jọ. Iṣẹ́ 25 ni 100 ń ṣe. Lórí 250, mẹ́rin. Orí 500 ni mo ti rí méjì.

"Ó ti sún ní ibi méjì," ni bàbá wí. "Wàláhì, gbogbo wọn ni ì bá jáde bí àlùjọ̀nnú. Lọ́la, 500 la máa pè ní 100."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mọ́kànlélógójì. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rẹwà o."

"Ẹwà, iṣẹ́ Ọlọ́run. Fótò ni tèmi. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè."

Gbogbo ojú ló mọ́ kedere. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ayé ti yí. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ mi báyìí, n kò sì bínú sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ọmọ bá ṣàṣìṣe lónìí, òbí mìíràn á gbé fóònù, á yà á níbi tó ti ń sunkún, á fi ránṣẹ́. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti rí i láti Adéwọlé dé Ọjà-Ọba. Èmi gan-an, ọ̀rọ̀ ọmọ máa ń dẹ́rù bà mí, mo máa ń tètè pariwo. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọmọ mi lẹ́nu, mo sì rí i tó gbé ìyókù mì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rántí bàbá onífótò.

Ó ti di olóògbé. Títí ó fi lọ, kò sọ fún ìyá mi, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Bó bá ka ibí yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyí. Àǹtí mi, ẹ bá mi ṣàdúrà fún un.