Bàbá Ovidio Kò Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Gun Ilé-Ìṣọ́

Kò sí ará Bologna tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ Àìkú tí olóògbé Bàbá Ovidio gbé àga dí ẹnu ọ̀nà ilé-ìṣọ́ gíga, tó jókòó pẹ̀sẹ̀ lé e, tó ní ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní kọjá àfi lórí òkú òun. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bá jà. Nerea ni wọ́n ń pè é, ọmọ Pamplona ní ilẹ̀ Spain, tó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn fún ọdún kan. Yàrá òkè ilé bàbá náà ló ń gbé.

Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni Nerea rí fi wo ìlú. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti forí bọ ìwé. Ìdánwò àfẹnuṣe tó kẹ́yìn di ọ̀la; bó bá yege, ilé yá; bó bá fìdí rẹmi, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ bù ṣe nìyẹn. Ó kàn fẹ́ ti òkè wo òrùlé pupa ìlú náà kó tó lọ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"N kò dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gun ibí kó tó gboyè, kò ní gboyè mọ́ láéláé. Ta ni kò mọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìyẹn!"

"Èmi wá ńkọ́, ọmọ ọwọ́ ni mí?"

Ẹ̀yìn wọn ti kún fọ́fọ́. Learco, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, figbe ta: "Bàbá Ovidio, ẹ ń lé oníbàárà mi o!" Ọkùnrin ará Jámánì kan rò pé bàbá ni olùṣọ́, ló bá fi owó sí i lọ́wọ́. Bàbá gbà á, ó dúpẹ́, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó máa gòkè lọ, ó ti dàgbà kọjá ilé ìwé.

Bó ṣe rí nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Bàtà ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Kò ra agboòrùn rí, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé bo ẹ̀gbẹ́ pópó Bologna láti ìkángun dé ìkángun. Ọjọ́ tó lọ sí Modena, ìlú ìtòsí, òjò pa á bí adìyẹ. Odindi oṣù kan ló fi bú àwọn ará ibẹ̀. Ó ní irú ìlú wo ló máa ń ṣí ojú ọ̀run sílẹ̀ gbayawu báyẹn?

Ìgbà kan tún wà tí Nerea jẹun ọ̀sán tán, tó ní kí wọ́n fún òun ní kọfí onímílíìkì, èyí tí ará Bologna kì í mu lẹ́yìn àárọ̀ àfi bí ara rẹ̀ kò bá yá. Háà! Bàbá yọ fìlà, ó fi dé ife náà, ó sì yí sí onílé kọfí: "Ẹ má bínú, ara rẹ̀ ni kò yá." Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, gbogbo àdúgbò ń bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè inú rírun.

Níjọ́ ilé-ìṣọ́ yẹn ṣá, ojú Nerea ti kún fómi. Bàbá rí i, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́.

"Ṣé òkè lo fẹ́ ti wo ìlú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá dìde lórí àga. "Ó yá, tẹ̀lé mi."

Ni wọ́n bá kọrí sí òkè San Luca, ọ̀nà jíjìn tó ga fíofío. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì dáa. Ibi tí orúnkún bá ti dùn ún, ibẹ̀ ni ìtàn wà. Níbí ni bíṣọ́ọ̀bù kan ti ṣubú. Lọ́hùn-ún ni ìyàwó kan ti kọ ọkọ. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ òkè, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ń pọ̀ sí i. Kí wọ́n tó débẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Bologna àtijọ́.

Wọ́n dókè. Gbogbo òrùlé pupa náà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Nerea wò ó títí, ó wá béèrè pé, "Bàbá, ṣé bó ṣe rí láti orí ilé-ìṣọ́ náà nìyí?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin? Ọmọ bíbí ìlú yìí?"

Bàbá ń fọwọ́ ra orúnkún. "Ó ku ìdánwò kan péré kí n gboyè òfin, bàbá mi kú, mo bá dúró ti ìsọ̀ bàtà rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí o. Mo ṣì ń kàwé."

Nerea yege lọ́jọ́ kejì, ó sì padà sílé. Nígbà tó gboyè dókítà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé sí bàbá pé òun ń bọ̀ wá gun ilé-ìṣọ́. Learco ló dá èsì padà. Bàbá Ovidio ti sùn, kò jí mọ́.

Síbẹ̀ ó wá. Ó gbé àwòrán bàbá dání, ó ní òun fẹ́ gbé e dé òkè, kó lè rí ìlú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Learco gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó kà á dáadáa, ó ní, "O káre, dókítà. Máa lọ." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àwòrán.

"Fi bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò tíì gboyè."

Nerea bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún tún di ẹ̀rín. Ó fẹnu ko àwòrán náà níwájú orí, ó fà á lé Learco lọ́wọ́, ó sì dá gòkè lọ.