Ìkànnì Tó Parí sí Méje

Ẹ̀rọ tí à ń pè ní ripítà kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Òkè ni à ń gbé e sí. Á gba ohùn tí kò lágbára, á sì tún un sọ síta kí ará ọ̀nà jíjìn lè gbọ́. Ọ̀gá mi ní Akótógbó ni mo torí rẹ̀ wá a. Òun ló kọ́ mi ní rédíò, òun ló sì kọ́ mi ní àmì Mọ́ọ̀sì, ìró gígùn àti kúkúrú tí wọ́n fi ń kọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ wáyà ní pósífíìsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, rédíò ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ mi ní Òkìtìpupa. Ó ní fóònù kì í ṣe rédíò. Òun fẹ́ fi ohùn òun kí gbogbo ọ̀rẹ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé agogo ìjọ Aládùúrà wa ní Òde-Ìrèlè ga dáadáa. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé lọ bẹ àwọn alàgbà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbàdúrà kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Alàgbà kan wá ní kí nọ́ńbà ìkànnì tí ẹ̀rọ náà yóò máa lò parí sí méje, torí nọ́ńbà pípé ni. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lò ó. N kò béèrè. Mo kọ méje sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fúnni láṣẹ rédíò ní Àbújá.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé padà. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ kejì ti wà lórí ìkànnì yẹn, a ó sì máa bo ara wa lóhùn. Mo bínú sí alàgbà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ni bírò wà. Mo kọ òmíràn.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ọma mi, tàn án fún ìṣẹ́jú kan péré, kí n kí wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ."

"Mo mà kọ́ ẹ jù o."

Kí àṣẹ tó dé, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó sì gba ohùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àṣẹ dé ni mo tan ẹ̀rọ náà. Mo pe ọ̀gá mi lórí rédíò. Mo gbọ́ bọ́tìnì tí ń súfèé lára rédíò rẹ̀: gígùn méjì, kúkúrú mẹ́ta. Nọ́ńbà méje ni lédè Mọ́ọ̀sì. Ó tún un tẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.

Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Ìṣẹ́jú kan péré ló tọrọ lọ́wọ́ mi.