Onídìrí Tó Ń Di Wáyà Fàdákà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé wáyà ni gbogbo wáyà ń jẹ́, ẹ má bínú o, ẹ ò tíì rí ìyàwó mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Irun ló ń dì tẹ́lẹ̀, kí òórùn ìpara tí wọ́n fi ń na irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí i láyà. Dókítà ní kó jáwọ́. Ó gbé àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálé, ó fi aṣọ bò ó lọ́dẹ̀dẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dáa, ariwo ni mo ń pa mọ́ ọn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kó wa yọ. Òun ló ń ṣe wáyà tó ń gbé orin lọ sínú sípíkà, fún irú àwọn èèyàn tí orin wọn bá há díẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun wọn. Bàbà ló sábà máa ń lò. Fàdákà ni ti àwọn tó le jù. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun di ti fàdákà kan fún bàbá kan tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn. Bí bàbá náà bá gbà á, kí ẹ̀gbọ́n òun gbé àga rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó ti níṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá gbà á, kó má bínú.

Ìyàwó mi ti fàdákà kọ̀ọ̀kan bọ inú àpò òwú híhun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ku ṣóńṣó orí wọn níta, ó sì dì wọ́n pọ̀, ó dọ́gba rẹ́gí. Bí onídìrí ti máa ń ṣe, ó fi rọ́bà so ṣóńṣó wọn kó má baà tú. Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá fẹ́ wá, a rí i pé ibi tí rọ́bà wà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Rọ́bà máa ń ba fàdákà jẹ́. Àbúrò rẹ̀ mọ̀, kò kàn rántí sọ ni, torí ta ló ń fi rọ́bà so wáyà? Bẹ́ẹ̀, ibi tó dúdú yẹn gan-an ni orin ń gbà wọlé. Bí a bá gé e, kò ní dé ìdí sípíkà mọ́, fàdákà mìíràn ò sì sí nílẹ̀. Mo ní ká gbàgbé ẹ̀, ká máa lọ sílé.

Ìyàwó mi ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Mo dì í le jù ni. Bí mo bá tú u, tí mo dẹwọ́ díẹ̀, á gùn."

Ó gé ṣóńṣó dúdú yẹn, ó tú gbogbo ẹ̀, ó tún un dì, òwú ló sì fi so ó lọ́tẹ̀ yìí. Ó dé ìdí sípíkà, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù.

Bàbá dé, ó jókòó, ó dijú. Wọ́n fi wáyà náà gbé orin sí i. Orin tán, ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ìgbà tó yá ló la ojú, ó béèrè ẹni tó dì í, wọ́n sì fi ìyàwó mi hàn án.

"Mo gbọ́ bí akọrin yẹn ṣe mí kó tó la ẹnu," ni bàbá wí. "Ẹ bá mi di ìkejì."

Àbúrò ìyàwó mi tẹ̀lé wa dé ilé tààrà, ó ká aṣọ kúrò lórí àga, ó di apá kan mú. Èmi aláriwo di apá kejì mú. Ìyàwó mi ti wà níwájú, ó ń sọ ibi tí òun fẹ́ ká gbé e sí.