Epo tí Mo Rọ Sí I Lẹ́nu

Kẹ́mísìrì ni mo fi ń jẹun. Mo ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́, ọṣẹ olómi tí màmá mi ń ṣe tà ní Oǹdó ni mo sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Sọ́fóníìkì ló ń mú ọṣẹ náà hó, òun ló ń ká ọ̀rá kúrò lára abọ́. Ásíìdì ni, kọ́sítíìkì la sì fi ń pa oró rẹ̀. Ìyẹ̀fun kan wà tó ń mú un ki, nítorí oníbàárà kì í ra ọṣẹ tó bá ń ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì ni mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ó funfun bí iyọ̀, ó ń jẹ ọ̀rá, ó sì ń jẹ ẹran ara èèyàn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má jẹ́ kó bì.

Màmá máa ń rẹ kọ́sítíìkì sínú omi di ọjọ́ kejì kí ooru rẹ̀ lè lọ. Ní Sátidé kan tí mo lọ kí wọn, ó ṣẹ́kù díẹ̀, wọ́n sì dà á sínú ike omi tí wọ́n kó bọ̀ láti ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í ju ike nù nílé wa. Wọ́n gbé e sórí tábìlì kíṣìnnì.

Àbúrò mi obìnrin ti ibi ìdánrawò orin dé. Ohùn rẹ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n mọ́. Oòrùn ti pa á, ó ṣí ike náà, ó rò pé omi ni, ó gbé ẹ̀kún ẹnu kan mì, ó sì figbe ta.

Màmá sáré wọlé. "Gbé epo wá, kó lè bì í."

Epo pupa ni ẹ̀rọ̀ májèlé lọ́dọ̀ wa, kò sí ilé tí wọn kì í ti í ṣe é. Mo ní, "Màmá, kò yẹ kó bì o."

"Ṣé ìwọ lo bí i? Mo ní gbé epo wá."

Mo mọ̀. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n obì ń gbó lẹ́nu àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo di àbúrò mi nímú, mo sì rọ ife epo kan sí i lẹ́nu. Ó bì í tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Ohun tó jó ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó ń lọ ìsàlẹ̀ tún jó o nígbà tó ń bọ̀ lókè.

Ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà sí i níkùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà da ògì sí i. Dókítà bèèrè ẹni tó fún un lépo.

"Èmi ni," Màmá dáhùn. "Àìmọ̀kan mi ni."

Dókítà bá Màmá wí lójú àwọn nọ́ọ̀sì bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Ó ti gbọ́ pé tíṣà kẹ́mísìrì ni mí, ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ẹ ò sí nílé ni?"

Mo ní, "Àkúrẹ́ ni mo wà, sà."

Màmá wolẹ̀. Àbúrò mi gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó yí ojú sí ògiri.